Nathaniel Bagshaw Ward, dókítà tó gbin ewéko sínú ìgò

Yàrá tí bàbá mi ń sùn ní Sango-Ọ̀tà kì í mọ́lẹ̀ ní ọ̀sán. Iṣẹ́ òru ni wọ́n ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan, nítorí náà ọ̀sán ni wọ́n máa ń sùn, tí wọ́n á sì ta kọ́tìnnì bo fèrèsé. Fèrèsé ọ̀hún, ẹyọ kan ni, ó sì kọjú sí ògiri ilé kejì. Èéfín àti eruku ọ̀nà ni afẹ́fẹ́ ń gbé gba ibẹ̀ wọlé. Lọ́dún tó kọjá, mo ra ewéko mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì, kí bàbá mi lè máa rí nǹkan tútù tí wọ́n bá jí. Kò sí èyí tó lo oṣù méjì nínú wọn.

Lákòókò yẹn gan-an ni mo ń kó orúkọ ewéko jọ lẹ́nu àwọn Àwórì ní Ọ̀tà fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ibi tí mo ti ń kàwé kiri lórí rẹ̀ ni mo ti ṣalábàápàdé ọkùnrin kan tí èéfín pa ewéko tirẹ̀ náà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti gboyè jáde ní ẹ̀ka wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Ó kan gbogbo wa tí a ń gbé yàrá tí oòrùn kì í dé.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí Nathaniel Bagshaw Ward ní 1791. Dókítà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún 13, wọ́n fi í sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Jàmáíkà. Igi ọ̀pẹ àti oríṣiríṣi ewéko ilẹ̀ olóoru tó rí níbẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn débi pé ìfẹ́ ewéko kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló jogún. Ó di dókítà, ó sì fi Wellclose Square ṣe ibùdó, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, nítòsí èbúté, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ àti mẹ̀kúnnù.

Ẹni tó bá mọ Sango dáadáa kò ní ṣòro fún láti fojú inú wo àdúgbò yẹn. Èédú ni wọ́n ń dá nínú ilé, èédú náà ni wọ́n ń dá ní ilé-iṣẹ́, eruku dúdú sì ń bà lé gbogbo nǹkan. Ward to òkúta jọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ṣe é kí omi máa kán sí i lára, ó sì gbin fern sí i. Fern ni ewéko tí kì í yọ òdòdó, tí ewé rẹ̀ rí bí ìyẹ́ ẹyẹ; irú rẹ̀ máa ń hù lára igi ọ̀pẹ nínú oko wa. Abẹ́ ìbòòji ló fẹ́ràn, nítorí náà àìtó oòrùn kọ́ ló yẹ kó pa á. Síbẹ̀ ó kú. Èéfín ló pa á. Ó tún un gbìn, èéfín tún pa á, títí ó fi sú Ward.

Ní 1829, ó ń ṣe ìwádìí mìíràn tí kò kan fern rárá. Ó bo ọmọ àfòpiná kan, tó ṣì wà nínú èèpo rẹ̀, mọ́ inú ilẹ̀ tútù nínú ìgò, ó sì dé ìgò náà, kó lè wo bí yóò ṣe di àfòpiná. Bó ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, ó rí i pé tí ooru bá mú, omi inú ilẹ̀ náà á gòkè, á dì mọ́ ara ìgò, á sì tún kán padà sílẹ̀. Ilẹ̀ náà kò gbẹ. Lẹ́yìn náà ni fern kan àti koríko kan hù níbẹ̀ fúnra wọn. Ohun tó fi làálàá gbìn láìrí i kó yè wá hù nínú ìgò tí kò retí rẹ̀. Ó gbé ìgò náà sẹ́yìn fèrèsé, ewéko náà sì wà láàyè fún bí ọdún mẹ́rin láìsí pé ẹnikẹ́ni bomi rin ín.

Ward wá mú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan àpótí onígíláàsì. Ní 1833, ó di fern àti koríko Ìlú Gẹ̀ẹ́sì sínú méjì nínú wọn, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí Ọsirélíà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ṣáájú ìgbà yẹn, iyọ̀ òkun àti àìsí omi mímu máa ń pa ọ̀pọ̀ ewéko kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Àwọn tirẹ̀ dé láàyè. Wọ́n fi ewéko ibẹ̀ kún àpótí náà padà ní 1834, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lórí omi, nínú ooru àti nínú yìnyín, àwọn náà dé Lọ́ńdọ̀nù ní tútù.

Láti ìgbà náà ni àpótí Ward ti di irinṣẹ́ ìjọba amúnisìn. Inú rẹ̀ ni Robert Fortune kó igi tíì sí láti Ṣáínà lọ sí Íńdíà. Inú rẹ̀ náà ni wọ́n kó ọmọ igi rọ́bà tí irúgbìn rẹ̀ wá láti Bràsíl sí, lọ sí Sri Lanka ní 1876. Owó ńlá wọlé fún àwọn kan, àwọn tó ni igi náà tẹ́lẹ̀ kò sì rí nínú rẹ̀. N kò lè sọ ìtàn ọkùnrin yìí kí n fi ìyẹn pamọ́.

Ṣùgbọ́n dókítà àwọn mẹ̀kúnnù ni Ward. Nígbà tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1842, ó ya apá kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ìgbé ayé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú ilé híhá. Lásìkò yẹn, ìjọba ń gba owó orí lórí fèrèsé, àwọn kan sì ń mọ ògiri dí fèrèsé wọn kí wọ́n má bàa san án. Ọdún 1851 ni wọ́n tó fagi lé e. Nígbà tí gíláàsì dínwó, àwọn olówó àti àwọn tó rọ́wọ́ họrí gbé àpótí fern sí pálọ̀ wọn, ó sì di àṣà ìgbà náà. Ẹgbẹ́ Royal Society gba Ward wọlé ní 1852. Ó kú ní 1868, ní ẹni ọdún 76.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi ni pé kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa ewéko mi. Òdòdó tó fẹ́ oòrùn ni mo gbé sínú òkùnkùn, mo sì ń da omi sí i lójoojúmọ́ bí ẹni pé omi lè dípò ìmọ́lẹ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá pọ̀, ilẹ̀ kì í tètè gbẹ, gbòǹgbò á sì jẹrà. Ewéko abẹ́ igi ńlá ni irú yàrá bẹ́ẹ̀ ń fẹ́.

Ìyá àgbà kan tí mo lọ gba orúkọ ewéko lẹ́nu wọn ní Ọ̀tà ló yanjú ìyókù. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo ń wá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gé pèrègún fún mi lára èyí tó wà ní ààlà ilẹ̀ wọn. Wọ́n tún hú ọ̀já ìkookò kún un. Àwọn onímọ̀ ewéko ti kó méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan báyìí, Dracaena, àwọn òyìnbó sì ń fi owó gidi ra irú wọn sínú ilé tí oòrùn kì í wọ̀. Èmi náà ti fẹ́ fowó ra ohun tó wà lẹ́yìnkùlé.

Inú ike ọ̀dà tí mo dá ihò sí nídìí ni mo gbìn wọ́n sí. Mo máa ń fọwọ́ kan ilẹ̀ wọn kí n tó bomi rin wọ́n, mo sì ń fi aṣọ tútù nu eruku kúrò lára ewé wọn ní òpin ọ̀sẹ̀. Eruku tó ń wà lára aṣọ náà máa ń bà mí lẹ́rù, nítorí inú afẹ́fẹ́ kan náà ni bàbá mi ń sùn. Ward rí àpótí fi bo fern rẹ̀. Àwọn ènìyàn tó wà ní àdúgbò rẹ̀ ṣì ń mí èéfín náà símú. Pèrègún kò lè gba bàbá mi lọ́wọ́ èéfín, n kò sì ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ó lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n ewéko kan kì í gbé inú òkùnkùn biribiri. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi. Láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, wọ́n máa ń ká kọ́tìnnì díẹ̀ fún pèrègún kí wọ́n tó sùn.