Claude Chappe, ẹni tí ó kọ́ ìròyìn ní ìdúró

Ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 1763 ni wọ́n bí Claude Chappe ní Brûlon, ìlú kékeré kan ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Faransé. Wọ́n tọ́ ọ láti di àlùfáà, ó sì rí ipò tí ń mówó wá nínú ìjọ Kátólíìkì. Nígbà tí ìjọba dojú rú ní ọdún 1789, ipò náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà sí ìlú rẹ̀, ó sì bá àwọn arákùnrin rẹ̀ nílé. Àwọn náà kò níṣẹ́.

Ní àkókò yẹn, ẹṣin ni ó ń gbé ìròyìn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Chappe rò ó pé ojú yára ju ẹṣin lọ. Bí a bá gbé ẹ̀rọ sórí òkè, ẹni tí ó ní dígí tí ń fa ohun jíjìn súnmọ́ni yóò rí àmì rẹ̀ láti òkèèrè. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 1791, ó ránṣẹ́ báyìí láti Brûlon dé Parcé, bí kìlómítà 14. Ó gbé iṣẹ́ náà lọ sí Paris, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ba ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́, nítorí wọ́n lérò pé ọ̀tá ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Kò dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1794, ọ̀nà rẹ̀ ti Paris dé Lille, ó ju kìlómítà 200 lọ. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún náà, ọ̀nà yìí ni ó mú ìròyìn dé Paris pé ọmọ ogun Faransé ti gba ìlú Condé padà.

Igi gígùn kan tí ó ní apá méjì ni ẹ̀rọ náà, kò sì lè gbé ju àmì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ilé ìṣọ́ pọ̀ lójú ọ̀nà. Bí ẹni ẹ̀yìn bá ń sáré nígbà tí ẹni iwájú kò tíì ríran, àmì yóò sọnù. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ kúrò lórí àmì kan títí yóò fi rí i pé ilé tí ó kàn ti gbé irú rẹ̀ gan-an. Bí kùrukùru bá bo òkè, àmì kan wà tí a fi ń sọ fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn pé kí wọ́n dúró. Òmíràn wà fún ìsinmi, òmíràn fún àṣìṣe, òmíràn fún ìgbà tí ìròyìn méjì bá pàdé lọ́nà.

Àwọn àmì iṣẹ́ wọ̀nyí nìkan ni òṣìṣẹ́ mọ ìtumọ̀ wọn. Ìròyìn fúnra rẹ̀ kò yé e, bí ó ti rí fún ẹni tí a fi àrokò rán. Ìwé ìtumọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọgbọ́n Chappe ti ga jù.

Okùn Ethernet tí ó so àwọn kọ̀ǹpútà òde òní pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Láti ọdún 1997 ni àmì ìdúró ti wà nínú òfin rẹ̀. Bí àyè bá fẹ́ tán lọ́dọ̀ ẹ̀rọ tí ń gbà, yóò ránṣẹ́ sí ẹni tí ń fi ránṣẹ́ pé kí ó dúró, yóò sì sọ bí ìdúró náà yóò ti pẹ́ tó. Apá ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́nu okùn ni ó ń gba àmì náà, tí ó ń ṣe ohun tí ó wí, tí ó sì ń mú un kúrò lọ́nà. Kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀. Okùn míì wà tí ń gbé ju ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù lẹ́tà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan; kò sí àyè láti lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹ̀rọ tí ń gbà sì gbọdọ̀ ké dúró kí àyè tó tán pátápátá, nítorí lẹ́tà ṣì ń bọ̀ nígbà tí àmì náà wà lọ́nà.

Chappe kò gbádùn iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́. Àwọn kan dìde, wọ́n ní àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ronú kan ẹ̀rọ náà. Àìsàn àti ìbànújẹ́ wọ̀ ọ́ lára. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1805, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní Paris. Ẹni ọdún 41 ni. Àwọn arákùnrin rẹ̀ gba iṣẹ́ náà, ilé ìṣọ́ sì ju 500 lọ ní ilẹ̀ Faransé kí ẹ̀rọ oníná tó wá rọ́pò wọn.