Adékúnlé Ajásin, olùkọ́ tí ó wá olùkọ́ fún àwọn ọmọ tálákà

Bí a bá dárúkọ Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin ní ìpínlẹ̀ Èkìtì lónìí, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Òun ni gómìnà àkọ́kọ́ tí àwọn ará ìlú dìbò yàn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, nígbà tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀. Òun náà ni àgbàlagbà tí ó ṣíwájú ẹgbẹ́ NADECO nígbà tí àwọn ológun kọ̀ láti gbé ìjọba sílẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n apá kan ìtàn náà nìyẹn. Kí ó tó di gómìnà, olùkọ́ ni. Nínú iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ó ti rí ohun kan tí ọ̀pọ̀ alákòóso máa ń gbàgbé: a lè fi owó kọ́ ilé-ìwé láàárín oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè fi oṣù díẹ̀ kọ́ olùkọ́. Apá yìí nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún àwọn ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti gbogbo gúúsù Èkìtì, nítorí pé èso rẹ̀ ṣì wà láàárín wa.

Ìbí rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ìlú Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 28 Oṣù Kọkànlá ọdún 1908. Ọ̀wọ̀ kò jìnnà sí Èmùré-Èkìtì, abẹ́ Ẹkùn Oǹdó kan náà sì ni àwọn òyìnbó amúnisìn kó Ọ̀wọ̀ àti Èkìtì sí láyé ìgbà náà. Ní ọdún 1924, ó wọ St. Andrew's College ní ìlú Ọ̀yọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi ń kọ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ìhìnrere. Ó parí níbẹ̀ ní ọdún 1927, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́.

Láyé ìgbà náà, ẹni tí ó bá jáde ní St. Andrew's ti di ẹni ńlá láàárín ìlú. Wọ́n ń pè é ní tíṣà, àwọn àgbà ń gbé lẹ́tà wá kí ó bá wọn kà, ó ń kọ́ ọmọ ní ọjọ́ iṣẹ́, ó sì lè máa darí ìsìn ní ọjọ́ Àìkú. Ọ̀pọ̀ ni ó fi ìwé ẹ̀rí kan yẹn ṣiṣẹ́ títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ajásin kò tẹ́ ọwọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa, ó padà di akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1943, tí ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, ó lọ sí Fourah Bay College ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone. Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà nígbà náà. Fourah Bay, tí ó bá Yunifásítì Durham ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pọ̀, ni ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ti lè gba oyè láìkọjá òkun lọ sí Yúróòpù. Ó gba oyè B.A. ní ọdún 1946. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, ní Institute of Education, níbi tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí gíga nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Oṣù Kẹfà ọdún 1947. Ó wá padà sílé.

Ọ̀gá àgbà Imade College

Ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, wọ́n fi Ajásin ṣe ọ̀gá àgbà Imade College ní Ọ̀wọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ girama tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ni. Ìṣòro tí ó sì wà ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà kò ṣàjèjì sí wa lónìí. Àwọn tí ó ní ìwé ẹ̀rí gíga kò pọ̀, àwọn díẹ̀ tí ó wà sì ń fẹ́ gbé ní Èkó tàbí Ìbàdàn, níbi tí iṣẹ́ ìjọba àti ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó oníṣòwò wà. Ìlú tí ó wà lọ́nà jíjìn kò ní nǹkan púpọ̀ tí yóò fi fà wọ́n mọ́ra.

Ajásin kò jókòó kí ó máa retí ẹni tí yóò ti ọ̀nà jíjìn wá. Ó bojú wo àwọn tí ó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí University College bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, ó di ibi tí ó ń rán àwọn olùkọ́ Imade lọ láti gba ìmọ̀ kún ìmọ̀. Ètò ìdàgbàsókè àwọn olùkọ́ yìí ni ó sọ ọ́ di olókìkí gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tí orí rẹ̀ pé jù ni ó yẹ kí a rán lọ, òun náà sì ni kíláàsì kò lè ṣe aláìní. Bí ó bá lọ, àwọn tí ó kù ni yóò pín iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Bí ó bá sì gba oyè tán, ilé-iṣẹ́ mìíràn lè fi owó tí ó tóbi jù fà á lọ. Ọ̀gá tí ó bá ń wo èsì ìdánwò ọdún kan ṣoṣo kò ní í dá irú rẹ̀ láṣà. Ẹni tí ó bá ń wo ọmọ tí yóò wọlé ní ọdún mẹ́wàá sí i nìkan ni ó lè ṣe é. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ajásin lò ní Imade, nítorí náà ó pẹ́ tó láti rí èrè ohun tí ó gbìn.

Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́

Ìlú Ọ̀wọ̀ kan náà ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ní gbangba ní Oṣù Kẹrin ọdún 1951, Ajásin sì wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ń wá ètò tí yóò gbé síwájú àwọn ará ìlú, òun ni ó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, nínú èyí tí ó ti dábàá pé kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba àbá náà wọlé. Olóyè Stephen Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tí òun náà ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama rí, gbé ètò náà lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1952.

Kò rọrùn. Owó orí tí ìjọba fi kún ti àtẹ̀yìnwá láti fi ṣe ètò náà bí àwọn ènìyàn nínú, ẹgbẹ́ Action Group sì fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní ọdún 1954, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ajásin fúnra rẹ̀ wọlé. Síbẹ̀, ìjọba kò yí ètò padà. Ní Oṣù Kìíní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1954 jẹ́ 456,600. Ní ọdún 1955, wọ́n di 811,432.

Ta ni yóò kọ́ wọn? Ìbéèrè yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ètò náà ṣubú. Ìjọba dá ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni sílẹ̀, níbi tí ènìyàn ti lè lo ọdún méjì láti gba ìwé ẹ̀rí Grade Three. Síbẹ̀ wọn kò tó. Ní ìlú bí Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, bí ó ti rí ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan dúró níwájú kíláàsì tí ó kún fọ́fọ́. Àwọn kan lára wọn ṣe iṣẹ́ takuntakun, wọ́n sì lọ gba ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n òbí tí ó lówó lè wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé nírọ̀lẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ alájàpá kò ní olùkọ́ mìíràn ju ẹni tí ó bá ní kíláàsì lọ. Bí olùkọ́ náà kò bá mọ iṣẹ́, ọ̀fẹ́ tí ìjọba ṣe kò dé ọwọ́ ọmọ náà tán. Ohun tí Ajásin ń ṣe ní Imade ni ìdáhùn sí ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kò lè dáhùn rẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Owo High School

Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1962, Ajásin fi Imade sílẹ̀. Ní Oṣù Kìíní ọdún 1963, ó dá Owo High School sílẹ̀. Òun ni olùdásílẹ̀, òun sì ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ títí di Oṣù Kẹjọ ọdún 1975. Ó ṣì wà ní ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó títí tí ìjọba ológun fi tú u ká ní ọdún 1966. Nígbà tí ọ̀nà òṣèlú dí, kò wá iṣẹ́ mìíràn kún un. Olùkọ́ ni, ilé-ìwé ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Gómìnà tí ó jẹ́ olùkọ́

Ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá ọdún 1979, ó di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ẹgbẹ́ náà ti ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kì í sì í ṣe ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan mọ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama kún. Ìbéèrè ọdún 1955 sì tún padà wá: ta ni yóò kọ́ wọn?

Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ olùkọ́ láti ilẹ̀ Gánà ni ó kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lónìí ṣì ń rántí wọn sí rere. Ṣùgbọ́n àlejò kì í gbé títí. Ohun tí ó lè dúró ni kí ìpínlẹ̀ ní ibi tí yóò ti máa kọ́ olùkọ́ tirẹ̀. Ọ̀kan ti wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì kí Ajásin tó dé: College of Education tí ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Oǹdó dá sílẹ̀ ní ọdún 1977, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lo ọdún mẹ́ta láti gba ìwé ẹ̀rí NCE. Ọmọ Ìsẹ̀ tàbí ọmọ Èmùré tí òbí rẹ̀ kò lágbára láti rán an lọ sí ọ̀nà jíjìn lè ti ilé lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ní Oṣù Kẹta ọdún 1982, ìjọba Ajásin fi yunifásítì kún un ní Adó-Èkìtì. Yunifásítì yẹn ni a mọ̀ sí Ekiti State University lónìí.

Àkókò náà ní ìnira tirẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ láti ọdún 1982, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà ni kò rí owó oṣù olùkọ́ san lásìkò. Èyí kọ́ wa pé kí a gba olùkọ́ sí iṣẹ́, kí a sì kọ́ ọ dáadáa, kò tíì tó bí a kò bá lè bọ́ ọ. Olùkọ́ tí ebi ń pa yóò wá nǹkan mìíràn ṣe mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ tálákà ni yóò sì kọ́kọ́ pàdánù.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Ìdìbò ọdún 1983 dá rògbòdìyàn ńlá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n kọ́kọ́ kéde ẹlòmíràn, ilé ẹjọ́ ni ó dá ipò padà fún Ajásin. Ní ọjọ́ tí ọdún náà parí, àwọn ológun gba ìjọba. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́, wọn kò sì rí i pé ó kó owó ìlú jẹ. Ní àádọ́rùn-ún ọdún tí ó ń sún mọ́, ó ṣì ń ṣíwájú àwọn tí ó ń béèrè ìjọba àwa-ara-wa. Ọjọ́ 3 Oṣù Kẹwàá ọdún 1997 ni ó dágbére fún ayé, ọdún kan lẹ́yìn tí Èkìtì di ìpínlẹ̀. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Àkùngbá-Àkókó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ti Ìkẹ́rẹ́ náà ti di yunifásítì báyìí. Orúkọ Ajíhìnrere Bámidélé Olúmilúà, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí òun náà ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni ó ń jẹ́. Kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń jáde níbẹ̀ lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ láti lọ wá iṣẹ́ sí ìlú ńlá. Àwọn tí ó bá dúró ní ilé-ìwé Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùré ni ó ń bá iṣẹ́ Ajásin lọ. Bí àwa náà bá fẹ́ kí wọ́n dúró, ohun tí ó ṣe ní Imade ni kí a wò: ó mọ àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó rán wọn lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i, ó sì ní sùúrù dúró dè wọ́n.