Ọmọ Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó

Bí a bá dárúkọ Kòsọ́kọ́ láàárín àwọn tí ó ti ka ìtàn Èkó, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni òwò ẹrú àti ìbọn àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Òtítọ́ ni méjèèjì, a kò sì ní bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ kò tíì mọ ìdajì ọkùnrin náà. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ ní ṣókí, kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lè mọ bí a ó ti máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé láìṣe ojúsàájú.

Orísun ìdílé rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Àwọn Àwórì, àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀ tí Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò wà, gbà pé ọmọ Ìṣẹrí ni Aṣípa, ẹni tí ó gbé òkú ọ̀gágun Ìbíní kan lọ sí ilé, tí Ọba Ìbíní sì fi í ṣe olórí Èkó nítorí oore náà. Láti ọ̀dọ̀ Aṣípa ni àwọn ọba Èkó ti sẹ̀ wá. Ọ̀kan nínú wọn ni Ológun Kútẹrẹ, ẹni tí ó bí Ọ̀ṣìnlókun, Adélé àti Akítóyè. Ọ̀ṣìnlókun ni ó bí Kòsọ́kọ́. Nítorí náà àbúrò bàbá ni Akítóyè jẹ́ fún un.

Ní ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ní ọ̀tá tí ó lágbára. Ó fẹ́ ọmọbìnrin kan tí a ti fi àfẹ́sọ́nà fún Ẹlẹ́tù Òdìbò, olórí àwọn afọbajẹ. Ìjòyè náà kò gbàgbé ọ̀ràn yìí títí ó fi kú. Lẹ́yìn tí Ìdéwù Òjúlàrí, ẹ̀gbọ́n Kòsọ́kọ́, kúrò lórí ìtẹ́, Adélé ni a mú padà. Lẹ́yìn Adélé, Olúwọlé ọmọ rẹ̀ ni. Nígbà tí Olúwọlé kú ní 1841, Akítóyè ni a fi jọba. Ìgbà mẹ́ta ni a fo Kòsọ́kọ́ dá. Ní àkókò Olúwọlé, Ẹlẹ́tù fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan Ọpọ́ Olú, arábìnrin Kòsọ́kọ́. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀, a lé e kúrò ní ìlú. Kòsọ́kọ́ dìtẹ̀, ọ̀tẹ̀ náà kò yọrí, ó sì sá lọ sí Whydah. Nígbà tí kò sí nílé, ọ̀tá rẹ̀ hú egungun ìyá rẹ̀ jáde, ó sì dà á sínú ọ̀sà.

Akítóyè rò pé inú rere lè pa ìjà yìí. Ó ránṣẹ́ pe Kòsọ́kọ́ wá sílé, ó sì fi í jẹ Ọlọ́jà Ẹrẹ́kò. Ẹlẹ́tù bínú, ó kó lọ sí Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe, ọba tún pe òun náà padà. Láti ìgbà náà ni Èkó kò ti rójú mọ́. Ní 1845 ni ogun tí a ń pè ní Ogun Olómirò bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́ dó ti ààfin fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà sí Àgbádárìgì. A pa Ẹlẹ́tù Òdìbò. Kòsọ́kọ́ di ọba.

Òwò ẹrú gbilẹ̀ ní Èkó ní àkókò rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ pé òun ni ó dá a sílẹ̀, nítorí a ti ń ta ẹrú ní Èkó lábẹ́ Akítóyè àti àwọn ọba tí ó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí Akítóyè ń wá ìrànlọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣèlérí láti fòpin sí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní ohun méjì lọ́kàn: wọ́n fẹ́ pa òwò ẹrú run, wọ́n sì fẹ́ ọ̀nà tí òwò epo pupa yóò fi là. Ní oṣù Kọkànlá 1851, Kọ́ńsù Beecroft mú ìwé àdéhùn wá. Kòsọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó ní abẹ́ Ọba Ìbíní ni òun wà. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọlu ìlú, a sì lé wọn padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá wọ́n tún dé pẹ̀lú agbára púpọ̀. Iná jó ilé púpọ̀, Kòsọ́kọ́ sì fi ìlú sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní 1852, Akítóyè tí a ti gbé padà sórí ìtẹ́ fọwọ́ sí ìwé náà.

Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ sá sí, òun àti Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ní 1853 ó tún gbógun wá sí Èkó, kò sì ṣẹ́gun. Ní ọdún náà ni Akítóyè kú, tí Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba. Níhìn-ín ni ayé Kòsọ́kọ́ ti yí padà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, ó bá Kọ́ńsù Campbell ṣe àdéhùn: kò ní bá ẹnikẹ́ni du Èkó mọ́, kò sì ní ta ẹrú mọ́; a ó sì jẹ́ kí ó máa ṣòwò ní èbúté Palma àti Lẹ́kkí. Epo pupa gba ipò ẹrú. Àwọn tí ó bá a lọ tẹ̀dó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n wà níbẹ̀ ṣáájú, a sì ń pe àwọn ọmọ wọn ní Èkó Ẹ̀pẹ́ títí di òní.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùnmú fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní 1862 a gba Kòsọ́kọ́ láàyè láti padà wá sílé. A dá oyè Ọlọ́jà Ẹrẹ́kò padà fún un, a sì ń san £400 fún un lọ́dọọdún. Òṣòdì Tápà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jókòó sí ibi tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Kòsọ́kọ́ kú ní 1872, a sì sin ín sí Ìga Ẹrẹ́kò.

Nígbà tí a wo gbogbo rẹ̀, a rí i pé ìbínú àti idà fún Kòsọ́kọ́ ní ìtẹ́ fún ọdún mẹ́fà péré. Sùúrù àti àdéhùn ni ó fún un ní ìlú mìíràn láti ṣe àkóso, àti ọ̀nà láti padà sí ilé bàbá rẹ̀. A ṣẹ̀ ẹ́ gidigidi. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣẹ àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tí a dè ní ẹ̀wọ̀n kọjá òkun, tí ìtàn kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Olùkọ́ tí yóò sọ ìtàn yìí fún ọmọdé kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan bo èkejì. Kí ó sọ̀rọ̀ egungun ìyá Kòsọ́kọ́ tí a dà sínú ọ̀sà; kí ó sì sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìyá mìíràn tí ọkọ̀ gbé gba orí omi kan náà lọ, tí wọn kò padà mọ́.