Sir William MacGregor: Dókítà tó la ọ̀nà fún omi l'Ékòó

Omi òjò tó ń rọ̀ ní Òkè-Ògùn kì í dúró sílé. Odò Ògùn ló ń gbé e, tí yóò gba ẹ̀bá Ìsẹ́yìn àti Abẹ́òkúta kọjá, títí yóò fi já sínú ọ̀sà l'Ékòó. Nítorí náà, ìtàn gómìnà tó wá ọ̀nà fún omi Èkó ní ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kan ará Ṣakí bó ṣe kan ará Ìsàlẹ̀-Èkó.

William MacGregor ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1846 ni wọ́n bí i ní àgbègbè Aberdeen, ní orílẹ̀-èdè Scotland. Kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá rárá. Alágbàṣe oko ni bàbá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ náà sì ṣe iṣẹ́ oko kí àwọn tó rí i pé orí rẹ̀ pé tó tì í síwájú nídìí ìwé. Ní ọdún 1872, ó di dókítà.

Erékùṣù Fiji ni òkìkí rẹ̀ ti kọ́kọ́ kàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1884, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Syria, tó kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Íńdíà, fọ́ sórí àpáta. MacGregor wà lára àwọn tó fi ẹ̀mí ara wọn wewu láti yọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ akọni. Lẹ́yìn èyí ló ṣe àkóso New Guinea fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1888 sí 1898.

Ọdún 1899 ló di gómìnà Èkó. Àsìkò rẹ̀ ni rélùwéè láti Èkó wọ Ìbàdàn, ní ọdún 1901. Ṣùgbọ́n ohun tó ká a lára jù ni ibà. Ilẹ̀ Èkó kò ga, àbàtà sì pọ̀ níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi kò rí ibi gbà, a sì dúró lójú kan. Ọdún méjì péré kí MacGregor tó dé ni dókítà Ronald Ross ti rí i ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Gómìnà yìí, tó jẹ́ oníṣègùn, mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: bí omi kò bá lọ, ẹ̀fọn kò ní lọ.

Ó fi oògùn quinine gbógun ti ibà, ṣùgbọ́n kò fi mọ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi kúrò nínú àbàtà, ó sì gbẹ́ kànáàlì sáàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Orí kan rẹ̀ wà nínú ọ̀sà, èkejì wà níhà odò Five Cowrie. Ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, tí omi ti ń dà gọ́ lọ́ tẹ́lẹ̀, ló là fún un. Kànáàlì MacGregor ni wọ́n pè é.

Ohun mìíràn tún wà tí kò yẹ kí á gbàgbé. Lákòókò náà, àwọn aláṣẹ kan ní London fẹ́ kí àwọn òyìnbó máa gbé lọ́tọ̀, jìnnà sí aláwọ̀ dúdú, kí ibà má baà ràn wọ́n. MacGregor kò fara mọ́ ọn. Lójú tirẹ̀, ẹ̀fọn kò mọ dúdú, kò mọ funfun. Kí á tún gbogbo ìlú ṣe ló dára. Ó ṣeni láàánú pé lẹ́yìn tó lọ, wọ́n ya Ìkòyí sọ́tọ̀ fún òyìnbó, kànáàlì tó gbẹ́ nítorí ìlera gbogbo ènìyàn sì di ààlà.

Ó kúrò l'Ékòó ní ọdún 1904 láìparí iṣẹ́ náà. Ó ṣe gómìnà ní Newfoundland àti ní Queensland ní Ọsirélíà. Ní ọdún 1910, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Liverpool fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Mary Kingsley nítorí akitiyan rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ kẹta oṣù keje ọdún 1919.

Ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì wọ̀ wá létí. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa n'Íbàdàn pa ènìyàn tó lé ní igba. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ nílùú kan náà. Ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi àti ìdọ̀tí tí wọ́n dà sínú odò wà lára ohun tó fà á. Àwọn àgbà Òkè-Ògùn mọ ibi tí àgbàrá ń gbà ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fi han àwọn ọmọ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Omi kò lọ́tàá, àfi ẹni tó bá dí i lọ́nà.