Seneca, Ọlọ́gbọ́n Ilẹ̀ Róòmù

Ìlú Kọ́dóbà ní ilẹ̀ Sípéènì ni a gbé bí Seneca, ṣùgbọ́n Róòmù ni ó gbé dàgbà, níbẹ̀ ni ó sì ti di ògbóǹtarìgì nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Ní ọdún 41, Claudius Késárì lé e lọ sí erékùṣù Kọ́síkà. Ọdún 8 ni ó lò níbẹ̀ kí Agrippina, aya Késárì, tó bẹ̀bẹ̀ pé kí a pè é padà, kí ó lè máa kọ́ Nero, ọmọ rẹ̀, ní ẹ̀kọ́.

Ní ọdún 54, Nero jọba, ọmọ ọdún 16 péré sì ni. Seneca ni ó ń tọ́ ọ sọ́nà, pẹ̀lú Burrus, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba. Láti ìgbà náà ni ẹ̀bùn ọba ti ń rọ́ wọ ilé Seneca bí òjò: oko, ọgbà, ilé àti owó. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di àríyànjiyàn. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó ń kọ́ni pé ìwà rere nìkan ni ọrọ̀ tòótọ́, àti pé ẹrú ni ó yẹ kí owó jẹ́ fún ọlọ́gbọ́n, kì í ṣe olúwa rẹ̀. Ó tilẹ̀ ń gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ níyànjú pé kí ó máa ya ọjọ́ díẹ̀ sọ́tọ̀ láti jẹ oúnjẹ tálákà, kí ó sì wọ aṣọ yẹpẹrẹ, kí ọkàn rẹ̀ má baà máa bẹ̀rù òṣì. Ní ọdún 58, ọ̀tá rẹ̀ kan, Suillius, bi í léèrè ní gbangba irú ọgbọ́n tí ó fi kó 300 mílíọ̀nù sesterce jọ láàárín ọdún 4, nígbà tí ọmọ-ogun kan ń gba 900 péré lọ́dún. Ìbéèrè náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Èyí tí ó tún burú jù ni pé nígbà tí Nero pa ìyá rẹ̀ ní ọdún 59, Seneca ni ó bá a kọ ìwé àwíjàre sí ìgbìmọ̀ àwọn àgbà.

Burrus kú ní ọdún 62. Nígbà náà ni Seneca tọ ọba lọ, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gba gbogbo ọrọ̀ náà padà, kí òun lè lọ sinmi. Nero dì mọ́ ọn, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ẹrú ti di ìdè mọ́ olúwa rẹ̀ lọ́rùn. Seneca fà sẹ́yìn sínú ilé rẹ̀, ó ń kọ lẹ́tà sí Lucilius, ọ̀rẹ́ rẹ̀. 124 nínú wọn ni ó wà títí di òní.

Ní ọdún 65, àwọn kan dìtẹ̀ mọ́ ọba. A dárúkọ Seneca mọ́ wọn, Nero sì ránṣẹ́ pé kí ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ó béèrè ìwé ìpíngún rẹ̀, kí ó lè fi nǹkan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n balógun ọ̀rún tí a rán wá kọ̀ fún un. Ó wá sọ fún wọn pé ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún òun láti fún wọn ni àpẹẹrẹ ìgbésí ayé òun, ó sì ní kí wọ́n dákẹ́ ẹkún. Paulina, aya rẹ̀, fẹ́ bá a kú, àwọn ìránṣẹ́ ọba ni kò jẹ́ kí ó kú. Wọ́n sun òkú Seneca láìsí ayẹyẹ kankan, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọrọ̀ àti agbára ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.