Charles Riley, Ẹni Tó Fi Kòkòrò Ṣẹ́gun Kòkòrò

Ìwọ ọmọ tí o ń tẹ̀lé àwọn òbí rẹ lọ sí oko ní Ararọ̀mí-Òwu, ní agbègbè Ìkirè àti Àpòmù, o mọ ìyà tí kòkòrò lè fi jẹ àgbẹ̀. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé àwọn kòkòrò kan wà tí wọ́n ń gba àgbẹ̀ sílẹ̀? Gbọ́ ìtàn Charles Valentine Riley.

Ìlú London ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 18, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1843. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn láti máa ya àwòrán kòkòrò. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 17, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì ṣiṣẹ́ oko ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ní ọdún 1868, ìjọba ìpínlẹ̀ Missouri gbà á sí iṣẹ́ ìwádìí kòkòrò. Nígbà tí eéṣú ń jẹ oko run níbẹ̀, òun ni ó ń tọpa wọn kiri. Nígbẹ̀yìn, ó di olórí àwọn onímọ̀ kòkòrò ìjọba ní ìlú Washington.

Ìgbà náà ni ìṣòro ńlá dé bá àwọn olóko ọsàn ní California. Kòkòrò kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bí òwú bo igi ọsàn wọn, ó sì ń fa omi ara igi náà mu. Wọ́n fín oògùn títí, kò ràn án. Àwọn mìíràn gé igi wọn, wọ́n sì dáná sun ún. Riley wá ronú pé ilẹ̀ Australia ni kòkòrò yìí ti wá. Kí ló dé tí kì í ba ọsàn jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀? Ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà níbẹ̀ tó ń pa á jẹ.

Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin kò fẹ́ kí ó ná owó ìjọba láti rán ènìyàn lọ sí òkè òkun. Ẹ wo ọgbọ́n tó dá! Ní ọdún 1888, ìpàtẹ ńlá kan wáyé ní ìlú Melbourne, ó sì ṣe ètò kí Albert Koebele bá àwọn aṣojú Amẹ́ríkà lọ síbẹ̀. Koebele rí kòkòrò kékeré kan, pupa, roboto, tó ní àmì dúdú lẹ́yìn. Èyí 129 ni ó kọ́kọ́ dé California láàyè. Wọ́n fi aṣọ bo igi ọsàn kan bí àgọ́, wọ́n sì tú wọn sí abẹ́ rẹ̀. Láìpẹ́, igi náà mọ́ tónítóní. Kí ọdún 1889 tó parí, oko ọsàn ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Koebele ni àwọn olóko fún ní aago wúrà. Lójú tèmi, ó tọ́ sí i, nítorí òun ló rin ìrìn àjò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Riley ló rán an.

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1895, Riley ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ náà kọlu òkúta, ó ṣubú, ó sì kú ní ọjọ́ náà.

Ọdún 86 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kòkòrò funfun mìíràn ń run ẹ̀gẹ́ ní ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni òun àti ẹ̀gẹ́ ti wá. Ibẹ̀ náà, ní Paraguay, ni wọ́n ti rí agbọ́n kan tí kò tó hóró ìrẹsì, tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà. Ní ọdún 1981, àwọn onímọ̀ ní IITA, ní Ìbàdàn, tú agbọ́n náà sílẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́.