James Wong Howe

James Wong Howe (orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Wong Tung Jim, ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1899 – ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1976) jẹ́ ayàwòrán sinimá ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tí ó ṣiṣẹ́ ní Hollywood, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Sinimá tí ó yà lé ní 130.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Agbègbè Taishan ní ìpínlẹ̀ Guangdong ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà. Ìlú Pasco ní ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí bàbá rẹ̀ tẹ̀dó sí, ni ó dàgbà sí. Ó kọ́kọ́ ja ẹ̀ṣẹ́ kí ó tó di ọmọ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ sinimá Famous Players-Lasky ní nǹkan bí ọdún 1917.

Iṣẹ́ rẹ̀

Fíìmù ayé ìgbà náà máa ń sọ ẹyinjú aláwọ̀ búlúù di funfun nínú àwòrán. Howe ṣàkíyèsí pé bí ohun dúdú bá wà níwájú ẹni tí wọ́n ń yà, ẹyinjú rẹ̀ yóò gbé e yọ, yóò sì hàn dúdú. Ó ta aṣọ àrán dúdú yí kámẹ́rà rẹ̀ ká, ó sì fi ya òṣèrébìnrin Mary Miles Minter. Obìnrin yìí ni ó ní kí wọ́n fi í ṣe ayàwòrán òun. Nígbà tí ó ń ya ìjà ẹ̀ṣẹ́ inú Body and Soul (1947), ó wọ bàtà onítáyà kéékèèké, ó sì gbé kámẹ́rà lọ́wọ́ wọ àárín àwọn oníjà.

Ìdènà òfin

Òfin Amẹ́ríkà kò gba ọmọ Ṣáínà láàyè láti di ọmọ orílẹ̀-èdè náà títí di ọdún 1943. Ní ọdún 1937, Howe gbé òǹkọ̀wé Sanora Babb, tí ó jẹ́ aláwọ̀ funfun, níyàwó ní ìlú Paris, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ California kò ka ìgbéyàwó náà sí, nítorí òfin ibẹ̀ kò fàyè gba irú rẹ̀. Ọdún 1948 ni ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà fagi lé òfin yìí.

Ẹ̀bùn

Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n yàn án fún ẹ̀bùn Oscar. Ó gba méjì, fún The Rose Tattoo (1955) àti Hud (1963). Funny Lady (1975) ni iṣẹ́ rẹ̀ ìkẹyìn. Babb wà pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi kú.